Ọdún Tí Mo Rí Ìlú Lẹ́ẹ̀mejì

Iṣẹ́ mi ni kí n máa tún ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe.
Àpò kan, agolo òróró kan, abẹ́rẹ́ nínú páálí,
láti Àjàṣẹ́ dé Ṣábẹ̀ẹ́, oṣù méjìlá gbáko.
Ìlú tí mo bá sùn sí,
n ó wá fíìmù tí wọ́n yà níbẹ̀,
n ó wò ó lórí fóònù, lábẹ́ àwọ̀n ẹ̀fọn,
kí n mọ ẹni tó purọ́ nínú èmi àti àwọn.

Ṣábẹ̀ẹ́, nígbà ọyẹ́. Ètè mi là bí àkùrọ̀ tó gbẹ.
Òkè jókòó lẹ́yìn ìlú
bí àgbà tó jẹun yó tí kò fẹ́ dìde.
Fíìmù ibẹ̀: ọmọbìnrin kan ń dúró de ọkọ̀ ojú irin,
ó ń sunkún, ọkọ̀ dé, ó wọlé, ó lọ.
Mo rẹ́rìn-ín títí onílé fi ń gbá ògiri.
Ọkọ̀ wo? Mo ti débẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà:
ewúrẹ́ mẹ́ta ló ń dúró de ọkọ̀,
koríko ti so irin lẹ́sẹ̀,
ẹni tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì tẹ́lẹ̀ ti ń ta bẹntiróòlù inú ìgò.

Oṣù kẹrin, Àjàṣẹ́. Fíìmù ibẹ̀ dùn, n kò ní jiyàn.
Wọ́n yà á lójú ọ̀sà ní ìdájí,
omi ń dán bí abọ́ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fi eérú fọ̀,
ilé àwọn Àgùdà, fèrèsé aláwọ̀ ewé.
Wọn ò ya òórùn ẹja.
Wọn ò ya Lúrẹ́ńtínà tó gbà mí sílé,
tó ń ka owó lédè Ègùn, tó ń ṣépè lédè Yorùbá,
tó ń gbàdúrà lédè Faransé, torí, ó ní,
owó ilé ìwé tí bàbá òun san kò gbọdọ̀ ṣòfò.

Kí a tó dé Kétu, ọkọ̀ wa rì sínú ẹrẹ̀ pupa.
Wákàtí mẹ́fà. Òjò. Dẹ́rẹ́bà wa, Bónífáàsì,
bọ́ bàtà, ó pọn ọmọ ọlọ́mọ mẹ́rin kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan,
ó padà wá gbé ìyá arúgbó kan
tó ń bú u dé òdìkejì pé ó ń mi òun.
Kò sí fíìmù ibẹ̀.
Mo kàn kọ ọ́ síhìn-ín.

Kétu ló wá kù.
Fíìmù tirẹ̀, mo ti wò ó lẹ́ẹ̀marùn-ún kí n tó gbéra.
Olólùfẹ́ méjì ń jà nínú ṣọ́ọ̀bù aránṣọ
tí kò jìnnà sí Àkàbà Ìdẹ̀nà.
N kò mọ ohun tó dá ìjà náà sílẹ̀ títí dòní:
ẹ̀yìn wọn ni mo ń wò. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀,
fìlà ti tẹ̀ sí etí, ó ń rán aṣọ búlúù,
kò wo kámẹ́rà, kò wo àwọn oníjà,
ẹ̀rọ rẹ̀ ń sọ pé kàtà-kàtà-kẹ̀, kàtà-kàtà-kẹ̀.
Kẹ̀ yẹn! Mo mọ̀ ọ́n bí orúkọ mi.
Eyín ìsàlẹ̀ ti jẹ. Ojú rírán ń fò.

Mo bèèrè ṣọ́ọ̀bù náà títí mo fi dé ẹnu ọ̀nà.
Ìyàwó rẹ̀ ló jáde, Fẹlísíà,
aṣọ ọ̀fọ̀ ti ń ṣí lára rẹ̀.
Ó ní ó ti pé oṣù mẹ́jọ.
N kò rí ọ̀rọ̀ sọ; mo ní kí n ṣáà wo ẹ̀rọ.
Mo tú u, mo gbọn eruku, mo pààrọ̀ eyín,
mo kán òróró sí i. N kò gba kọ́bọ̀.
Ó ń lọ wẹ́rẹ́, kò sí kẹ̀.

Nínú ìlú, ara ẹ̀rọ ti yá, ẹni tó ni ín ti lọ.
Nínú fíìmù, ẹni tó ni ín ń rán aṣọ,
ẹ̀rọ ò ní sàn láé.

Mo gbé fóònù lé orí tábìlì, mo wá ibẹ̀ fún un.
Mo rò pé yóò sún mọ́ ọn, yóò wo ojú ọkọ rẹ̀.
Ó di ojú. Ó ní,
“Gbé ohùn rẹ̀ sókè sí i.”